Èènì Tí Mo Lọ Gbà Padà

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Dantokpa ti fẹ̀ jù fún mi. Kọ̀ǹpútà àlòkù la ń tà níbẹ̀. Èmi ń tà, òun ń tún wọn ṣe, a sì máa ń fi èébú jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀. Nísinsìnyí, àwọn kọ̀ǹpútà ni mò ń bú. Wọn kì í fèsì.

Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo gbàgbé. Ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ti lọ létí mi pátápátá. Mo mọ̀ pé ó tọ́jú ohùn ara rẹ̀ sórí téèpù kan, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì fi ń pa iṣẹ́ wọn mọ́. Ni mo bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan láti Calavi tó mọ iṣẹ́ náà.

Ó tan kọ̀ǹpútà ọkọ mi, ó ní Línúsì ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ará ibo ni Línúsì? Ṣé Nàgó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, òun ló ń darí kọ̀ǹpútà. Ó rí káàdì tí wọ́n so ẹ̀rọ téèpù mọ́, àmọ́ kò rí ẹ̀rọ téèpù fúnra rẹ̀."

"Ó rí ilẹ̀kùn, kò rí ẹnì kankan nílé. Ilé mi gan-an nìyẹn."

Ọkùnrin náà yẹ ìdí okùn ẹ̀rọ téèpù wò. "Ìdérí kékeré kan yẹ kó wà níbí. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ á máa ta padà lójú okùn, ẹ̀rọ ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Èmi ni mo yọ ọ́! Mo rò pé kò wúlò, mo fi ṣe èènì fún télọ̀ kan ní Akpakpa tó ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi.

Ta ló ń gba èènì padà? Mo gun alùpùpù kọjá afárá, ojú ń tì mí. Mo bá ìdérí náà níbi tí télọ̀ ti fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ wá gba èènì padà? Ẹ kúkú gba ṣòkòtò yìí mọ́ ọn!"

"Ṣòkòtò tó wọ́ báyìí? Ta lo fẹ́ kí n fi dójú tì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìdérí náà lé mi lọ́wọ́.

Bí mo ti padà dé ṣọ́ọ̀bù tí a fi í sí ìdí okùn, Línúsì rí ẹ̀rọ téèpù. Téèpù yí, ó ń kùn bí ọlọ. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde, tèmi ni: "Pa nǹkan yẹn, ọ̀lẹ! Oúnjẹ ti tutù!"

Ọkọ mi wá rẹ́rìn-ín nínú téèpù. Ẹ̀rín kúkúrú, láti imú, bí ẹni tí ata pá lórí.

Ọkùnrin Calavi ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Má tíì lọ. Fi ibi tí màá máa tẹ̀ hàn mí."