Ọkọ Mi Ní Òun Kò Mu Àgbo

Ètè ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jókòó sídìí oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ mi sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní ètè òun ń ta òun, ahọ́n òun sì kú bí ìgbà tí wọ́n bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ léyín. Mo ní ata ni. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ ata náà lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ìka ọwọ́ rẹ̀ náà fi ń ta á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní ọkàn òun ń sọ kúlúkúlú.

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Iṣan ibẹ̀ ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Warehouse Road, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọkọ mi ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi omi tútù wò. Mo pe kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sẹ́nu ọ̀nà wa ní Olódì-Apapa, a sì gba ọsibítù lọ.

Mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí orúnkún ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi. Kọ̀ǹténà ló ń gbé jáde ní wáfù, ẹsẹ̀ òsì tó fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ló sì kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní kerekere tó wà láàárín eegun, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn, ló ti jẹ. Àwa ń pè é ní làkúrègbé. Ó fi róòbù pa á títí, ó gbé oògùn ìrora mì títí inú fi ń ta á.

Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, obìnrin ará Ṣáínà kan ń fi egbòogi ìlú wọn wo èèyàn. Àwọn ará ìlú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Snake Island ló sábà ń wá bá a, ṣùgbọ́n àwọn tiwa náà ti ń gòkè lọ. Madáàmù ni gbogbo wa ń pè é. Pidgin Ajégúnlẹ̀ ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ jù mí lọ. Èmi ni mo mú ọkọ mi lọ síbẹ̀.

Madáàmù fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó tún fi lé ti òsì. Ó ní kó yọ ahọ́n. Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù, bóyá ó ń sùn dáadáa, oògùn wo ló ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà ló gbé òṣùwọ̀n kékeré kalẹ̀. Gbòǹgbò dúdú kan wà tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Ó bù ú sórí òṣùwọ̀n, ó wò ó, ó wo ọkọ mi, ó yọ díẹ̀ kúrò, ó tún yọ díẹ̀ kúrò. Ọkọ mi, tó ga tó sì sanra, ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bu ẹran fún.

“Madam, see my size now. Na small pikin you dey measure for?”

“Oga, body big,” ni Madáàmù wí, kò gbójú sókè, “but na heart go carry am. We start small. If you dey okay, I go add.”

Ó pín àwọn egbòogi náà sínú àpò bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ kan. Ó di gbòǹgbò dúdú náà sínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ó ní gbòǹgbò yìí nìkan ni kó kọ́kọ́ wọ ìkòkò, kó hó ju wákàtí kan lọ, kí àwọn egbòogi yòókù tó wọlé bá a. Ó ní kí ọkọ mi gé díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀: bí ahọ́n bá kú, kò tíì jinná. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ mi ní ahun ni obìnrin yẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fúnra òun ni yóò máa sè é bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè bó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn: “Dádì, ṣé ẹ mu àgbo?”

“Rárá o. N kì í mu àgbo.”

Mo tilẹ̀ fi kún un pé àgbo kì í wọ ilé wa. Wọ́n lẹ àwọn wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Iná kékeré kan bíi ti mànàmáná, wọ́n ní, ló wà nínú ọkàn tó ń sọ fún un ìgbà tí yóò lù, iná tirẹ̀ sì ti ń ṣe ségesège. Wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n ní kí n lọ jókòó síta.

Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ le, fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, gbogbo wa sì ń wo ilẹ̀kùn kan náà. Dókítà obìnrin kan jáde wá pè mí wọlé. Ó kéré sí Kẹ́mi ọmọ wa. Ó ní ohun tí òun rí lórí bébà náà kò jọ àìsàn ọkàn tí òun mọ̀, ó sì tẹ̀ sún mọ́ ọkọ mi.

“Dádì, láti àná, kí ni gbogbo nǹkan tó ti gba ẹnu yín kọjá? Títí kan omi.”

“Tíì. Búrẹ́dì. Ìrẹsì díẹ̀.” Ó wò mí, ó gbójú kúrò. “Ògógóró ife kan, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.”

Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí.

“Kí ló wà nínú ògógóró náà, sà?”

“Oògùn Ṣáínà.”

“Mo rò pé ẹ ní ẹ kò mu àgbo.”

“Dókítà, ìyẹn kì í ṣe àgbo. Ti Ṣáínà ni.”

Kò purọ́. Lẹ́nu tiwa, àgbo ni ewé àti èèpo igi tí a mọ orúkọ wọn, tí a sè tí a fi ife bù. Ohun tí wọ́n wọ̀n tí wọ́n sì dì sínú bébà, oògùn ni. Èmi tí mo bá a lọ gbà á, orí mi kò lọ síbẹ̀ rárá nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè. Ọkọ mi wá jẹ́wọ́ ìyókù: síse rẹ̀ ti sú u kó tó bẹ̀rẹ̀, ló bá da gbogbo àpò náà sínú ìgò ògógóró kan, ó rẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ egbò.

Mo pe Madáàmù lórí fóònù, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“How long e cook am?”

“E no cook am. E put everything for ògógóró.”

Ó ní, “Give doctor the phone.”

Ohun tí dókítà ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà nìyí. Májèlé wà nínú gbòǹgbò yẹn. Omi gbígbóná àti àkókò ló ń pa agbára rẹ̀. Ọtí kì í pa á, ńṣe ló ń fà á jáde bó ṣe wà. Iná tí a fi ń sè é jẹ́ ara ìwọ̀n oògùn náà, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ṣe jẹ́, ọkọ mi sì ti mú oògùn ọjọ́ púpọ̀ pọ̀ sínú ìgò kan láìfi iná kàn án. Kò sí oògùn tó ń lé májèlé náà jáde. Wọn yóò máa fi abẹ́rẹ́ gbé ọkàn náà ró, ara ni yóò lé e fúnra rẹ̀.

Mo bi í bóyá ọkọ mi yóò yè. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wo bí ọkàn yìí ṣe máa ṣe di àárọ̀.” Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè gbàdúrà.

Madáàmù wá kí ilẹ̀ tó ṣú, ó mú àpò kan irú ti ọkọ mi wá kí dókítà lè rí i. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Kò bínú, kò sì tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ bínú sí i, n kò rí ibi tí n óò gbà bẹ̀rẹ̀.

Ọkàn náà wálẹ̀, ó tún gbéra, ó tún wálẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ó dúró síbi kan, wọ́n sì yọ àwọn wáyà náà nígbà tó yá. Ìka ọwọ́ ló jí kẹ́yìn. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Àwọn fisió ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá rìn, èyí tó kórìíra gidigidi. Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ fi egbòogi kankan kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìjẹ́ pé òun gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá bi yín nípa àgbo, ẹ má ṣe dáhùn ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ gbé mì fún wọn, ì báà jẹ́ tíì, ì báà jẹ́ òróró àdúrà.

Ara yìí, a ń gbé inú rẹ̀, a kò sì mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, n kò gbọ́ ọkàn rẹ̀ rí. Ní báyìí, bó bá ti sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, mo máa ń lọ gbé etí lé àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó la ojú kan. Ó ní, “Ìyá Kẹ́mi, ìfẹ́ àgbà yìí pọ̀ o.” Mo ní, “Ẹ sùn.” N kò jiyàn. Mo tẹ́tí sí i títí ó fi sùn padà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì lọ fọ abọ́.