Owó Fàdákà Tí Mo Gbìn Sí Oko Àgbàdo

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lọ́nà Idigny ní ilẹ̀ Kétu, ìyá ìyá mi ní ẹ̀gbà ọrùn kan tí kì í fi ṣeré rárá. Owó fàdákà àtijọ́ méje ni wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n sì fi okùn so pọ̀. Owó àwọn Faransé ni, àwòrán obìnrin kan tó ń fúnrúgbìn sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọbìnrin ilé wa tó bá ń lọ sílé ọkọ ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó bá di ọjọ́ kẹta yóò dá a padà fún ìyá àgbà. Ìyá mi wọ̀ ọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ náà wọ̀ ọ́.

Ìyá àgbà kò gba ti obìnrin ara owó yẹn rárá. Ó ní irú àgbẹ̀ wo ló ń da irúgbìn ká ilẹ̀ bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ, tí kò gbẹ́ ihò, tí kò sì fi gìgísẹ̀ bò ó? Ó ní tó bá jẹ́ oko tiwa ni, àparò ni ìbá kọ́kọ́ bá a kórè. A máa ń rẹ́rìn-ín títí ìhà yóò fi máa dùn wá. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi.

Ní àsìkò ìgbìn kan, bóyá mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo rò ó pé bí obìnrin yìí kò bá mọ iṣẹ́ oko, èmi tí mo mọ̀ ọ́n lè bá a ṣe é. Mo tú okùn náà, mo yọ owó kan, mo mú un lọ sí oko àgbàdo bàbá mi. Mo fi ṣóńṣó àdá gbẹ́ ihò, mo ju owó náà sí i pẹ̀lú hóró àgbàdo mẹ́ta, mo sì fi gìgísẹ̀ bò ó dáadáa gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti kọ́ mi. Kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ń rí ṣírí àgbàdo fàdákà lójú ara mi.

Nígbà tí àgbàdo hù, gbogbo poro bá ara wọn dọ́gba, n kò mọ ibi tí mo gbìn ín sí mọ́. Mo ń gbẹ́ ìdí àgbàdo kiri títí bàbá mi fi dẹ pańpẹ́ fún òkété tó rò pé ó ń tú oko òun. Mo bá so okùn náà padà, owó sì ku mẹ́fà. Ìyá àgbà gbé e sínú àpótí, kò sọ nǹkan kan, mo sì rò pé kò mọ̀.

Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀gbà ọrùn yẹn jáde láàárín èrò, tí wọ́n rí i pé ó dín kan, ojú yóò ti ìyá àgbà, ojú yóò ti ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sì fà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa èkùrọ́ tà, kí n lè ra owó fàdákà mìíràn dípò èyí tí mo gbìn. Gbogbo àsìkò òjò ni mo fi pa á, àtàńpàkò mi sì mọ iye ìgbà tí òkúta bà á. Ọgọ́rùn-ún fàráǹkì ni mo rí kó jọ.

Àmọ́ irú owó fàdákà yẹn ti wọ́n gan-an. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti yọ́ wọn fi ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Nínú gbogbo ọjà Kétu, bàbá àgbàlagbà kan ṣoṣo tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lórí ẹní ló ṣì ní in, méjì péré ni tirẹ̀ náà kù. Ọ̀kan ń dán gbinrin, ọgọ́ta fàráǹkì ni. Èkejì dúdú, ojú obìnrin ara rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ọgọ́rùn-ún ni.

Bàbá náà wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, mú èyí tó ń dán. Ta ní í fi nǹkan dúdú sọ́rùn ìyàwó?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n ná.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ti ń lọ ilé-ìwé nígbà náà, mo lè ka nọ́ńbà. Ọdún tí a gba òmìnira ni wọ́n kọ sára èyí tó ń dán, etí ihò rẹ̀ sì ṣì ń ha ni lọ́wọ́, bí ẹni pé àná ni wọ́n lù ú. Etí ihò èyí tó dúdú ti jọ̀lọ̀ níbi tí okùn ti ń fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ èyí tó jẹ́ owó àtijọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ta ni yóò mọ̀? Ogójì fàráǹkì tó máa ṣẹ́ kù sì tó ra bàtà rọ́bà tí gbogbo ẹgbẹ́ mi ti rà sílẹ̀ de ìgbéyàwó náà. Mo ń rí bàtà ọ̀hún láti ibi tí mo dúró, aláwọ̀ pupa, ó wà ní ìsọ̀ kejì.

Mo dúró títí ó fi sú bàbá onílẹ̀kẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bí ìyá àgbà ṣe ń yan irúgbìn lókè ààrò. Á fi ṣírí tó tóbi tó funfun sílẹ̀, á mú èyí tí èéfín ti sọ di dúdú, á ní kòkòrò ti gbìyànjú lórí eléyìí, kò rí i jẹ. Mo ka gbogbo owó mi fún bàbá náà. Nígbà tí mo ń kọjá níwájú ìsọ̀ oníbàtà, ọ̀nà òdìkejì ni mo kọjú sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá àgbà lọ sóko ni mo so owó dúdú náà mọ́ àwọn yòókù. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó mú ẹ̀gbà ọrùn náà jáde, ó sì ń fi àtàńpàkò pa owó náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ẹ̀kẹrin, ó dúró.

Ó rọra ní, “Èyí kì í ṣe tèmi. Tèmi ti kán létí.” Ó tún pa á wò. “Àmọ́ ẹni tó yan èyí ní ojú.”

Ó sì so ó mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn. Ó wá wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà láàárín bàtà pupa àwọn ẹgbẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú. Mo jó lọ́jọ́ yẹn débi pé erùpẹ̀ bò mí dé orúnkún.

Lóde òní, bí ọmọ bá sọ nǹkan nù, a ó ti ra òmíràn kí omijé rẹ̀ tó gbẹ. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Kútọnu máa ń fi ẹ̀gbà ọrùn náà ya fọ́tò, wọ́n á sì bọ́ ọ kí oúnjẹ tó dé, torí ó wúwo. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ayé ti yí, kò burú.

Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé láti ọdún tí owó náà ti dín ni ìyá àgbà ti mọ̀ pé èmi ni. Ìyá mi fẹ́ nà mí, òun ni kò jẹ́. Ó ní, “Fi í sílẹ̀. Yóò wá a wá.” Ọdún mélòó kan ló fi dúró dè mí láìsọ̀rọ̀. Mo ti dàgbà ju bí òun ti dàgbà nígbà náà lọ, n kò sì tíì ní irú sùúrù yẹn fún ọmọ kankan rí.