Àmọ̀dá Tí Kì Í Jẹ́ Bọ́ọ̀yì

Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ Àmọ̀dá ní Ọ̀tà tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti odò ọ̀nà Alápòtí.

Ayé òyìnbó ni. Nígbà náà, bí Àjẹ́lẹ̀ bá ń lọ sí abúlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Inú aṣọ líle tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ni yóò sùn sí bí ọmọ tuntun, àwọn géńdé yóò sì gbé e rù. Ibi tí Àmọ̀dá alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́ ni wọ́n ti mú un pé kó wá gbé òyìnbó. Ó gbé e. Ṣùgbọ́n "Bọ́ọ̀yì, yára!" "Bọ́ọ̀yì, rọra!" ni Àjẹ́lẹ̀ ń pè é ní gbogbo ọ̀nà, òun bàbá ọlọ́mọ, láti ẹnu òyìnbó tí irùngbọ̀n àgbàdo sàn ju tirẹ̀ lọ!

Nígbà tí odò mù wọ́n dé ìbàdí, Àmọ̀dá tó wà níwájú dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí ọ̀nà gbà. Àwọn náà dúró.

"Fádáhùnsí!" Ó ké sí ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òyìnbó. "Bi ọ̀gá rẹ pé kí ni orúkọ mi."

Fádáhùnsí, tó fi kọ́là ẹ̀wù òyìnbó fún ara rẹ̀ lọ́rùn nínú oòrùn bí ẹran ìso, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Àmọ̀dá, má pa mí! Máa lọ!"

"Ìwọ mọ̀ ọ́n. Òun ńkọ́?"

Àjẹ́lẹ̀ bú, ó halẹ̀. Nígbà tí omi wọ ṣòkòtò rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Amadá!"

"Kò jọ ọ́."

"Amọ́da!"

"Ó kù díẹ̀."

Ó pè é dáadáa nígbẹ̀yìn. Ilé ìwé ńlá tó jáde ní ìlú wọn kò kọ́ ọ ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Omi tútù ló kọ́ ọ.

Wọ́n wọ́ Àmọ̀dá dé kóòtù. Adájọ́ náà, òyìnbó bíi ti Àjẹ́lẹ̀, béèrè ìdí tó fi dúró láàárín odò.

"Ẹrù wúwo, sà. Mo sinmi ni."

"O pe Àjẹ́lẹ̀ ní ẹrù?"

"Ẹnu mi kọ́ o, sà. Ọrùn mi ló pè é bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ ọrùn àti ẹnu sí.

Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un, pẹ̀lú èébú lórí ọbẹ̀. "Ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé òyìnbó kọjá odò. Tèmi ló gbé e dúró síbẹ̀! Ẹnu yín yìí ni yóò sọ mí di opó." Ṣùgbọ́n bó bá ń padà bọ̀, tó wo iwájú tó wo ẹ̀yìn tí kò rí ẹnìkan, á ní "Amadá!" lábẹ́lẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín títí á fi sọ abọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí Àmọ̀dá jáde, àpá pàṣán wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìkankan lẹ́nu rẹ̀. Ó pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìsinmi àwọn òyìnbó sí ilé àgbẹ̀dẹ. Bọ́ọ̀yì ni àwọn wọ̀nyí ti ń pe ara wọn, wọ́n tilẹ̀ ń fi í yangàn. Àmọ̀dá wò wọ́n bí ẹni wo irin tó dípẹtà.

"Wọ́n pàgbò, wọ́n pe àfáà, wọ́n sọ yín lórúkọ. Èwo nínú àwọn òyìnbó yìí ló mú iyọ̀ wá síbi ìkómọ yín?"

Mùíbátù ọmọ rẹ̀, tó ń pọnmi nílé ìsinmi náà, béèrè pé, "Bàbá, bí wọ́n bá nà wá ńkọ́?"

"Wọ́n lè nà yín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń nà."

Nígbà tí Àjẹ́lẹ̀ tún dé ilé ìsinmi náà, ó jókòó, ó ké pe, "Bọ́ọ̀yì!" Múdàṣírù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, wo ẹ̀yìn. Mùíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, bóyá ẹni tí wọ́n ń pè wà níbẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ tún ké. Ajá rẹ̀ nìkan ló dìde, tó ń ju ìrù.

Àjẹ́lẹ̀ kò rí tíì mu lọ́jọ́ náà àfi ìgbà tí Fádáhùnsí, tí òógùn ti sọ kọ́là rẹ̀ di àkísà, kọ́ ọ ní orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òkìkí Àmọ̀dá kàn dé Ìgbẹ́sà. Ṣùgbọ́n nílé ni wọ́n ti dá a lẹ́kun. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Gbọ́, gbé omi wá," Fàsílátù kò mira.

"Ẹ̀yin tí ẹ sùn lẹ́wọ̀n nítorí orúkọ, 'Gbọ́' ni wọ́n sọ mí ni?"

Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Àmọ̀dá nìyẹn. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ iyọ̀ lásán, "Fàsílátù, ọmọ Kàsúmù, ará Ìlọ́-Awẹ́là" ni yóò kọ́kọ́ kì, títí ọbẹ̀ á fi tutù. Ìyàwó ní òun kábàámọ̀.

Ibà ló mú Àmọ̀dá lọ nígbà tó darúgbó. Fádáhùnsí náà ti hewú. Ó wá jókòó lórí ẹní lọ́dọ̀ opó.

"Ọjọ́ tí òyìnbó lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Àmọ̀dá nìkan ló wá kí mi," ó ní. "Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi gbàgbé láti sunkún."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Fàsílátù fi etí ìborùn nu ojú.

"Bàbá Mùíbátù máa ń dá mi lágara," ó ní, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Ó wù mí kí wọ́n wọlé wá dá mi lágara nísinsìnyí."