Ìyá Wo Ara Rẹ̀ Nínú Máíkíróskóòpù

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kàdúná, ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń bá sọ Yorùbá. Ìyá àgbà kan ni, ọmọ Kábà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú agbo ilé tí a jọ háyà ní Kabala Costain. Níbi iṣẹ́, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ni. Nínú kẹ̀kẹ́, Haúsá ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò pàápàá, bí mo bá bi wọ́n pé ṣé dáadáa ni wọ́n jí, "Lafiya lau" ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn, wọ́n á sì sáré lọ.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti géètì wọlé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Ọ̀kun o, ọmọ mi!" Bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn nìyẹn. Èmi ọmọ Abẹ́òkúta kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, mo kàn máa ń kúnlẹ̀ ni. Bí ọjọ́ bá wà tí ìyá kò sí nílé, mo lè wọlé kí n sùn láìtún la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń kó ègé ara tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá gé wá. A ó rì í sínú ìda gbígbóná. Bí ìda bá ti dì, a ó fi ẹ̀rọ fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, a ó sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. N kì í rí àwọn tó ni ara náà. Wọ́n á ti lọ sílé, tàbí kí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, èmi á sì jókòó ti díẹ̀ lára wọn.

Lásìkò yẹn mo ń kàwé gboyè kejì, mo sì ń ṣe ìwádìí lórí purotéènì kan tó ń gbé lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí i pé níbi tí purotéènì yìí bá pọ̀ sí, jẹjẹrẹ kì í sábà kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá ti pòórá, jẹjẹrẹ a máa ṣí lọ sínú egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lára àwọn obìnrin tiwa tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú. Máíkíróskóòpù nìkan kò lè fi í hàn. Áńtíbọ́dì la fi ń wá a. Bí ara wa ṣe ń ṣe áńtíbọ́dì láti mú kòkòrò àrùn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ṣe èyí tí kò ní ohun mìíràn tó ń wá láyé ju purotéènì kan yìí lọ. Bí mo bá kán an sórí ègé ara, yóò wá a rí, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni n ó kán ìkejì tẹ̀lé e, èyí tó ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ. Níbi tí purotéènì bá wà, àwọ̀ búráùn yóò yí sẹ́ẹ̀lì ká bí ìgbà tí ènìyàn lé tìróò.

Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní lábù wa. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ni wọ́n fún mi. Bí àwọn yòókù bá ń jẹun ọ̀sán tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń gbọ́ wọn láti inú ibẹ̀.

Áńtíbọ́dì kò fẹ́ ooru. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn náà sì bàjẹ́. Mo gbé ike kékeré tí áńtíbọ́dì náà wà nínú rẹ̀ wálé nínú fláàsì, mo kan ìlẹ̀kùn ìyá. Ó ní fíríìsà tó fi ń ṣe omi dídì àti zobo fún títà, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ló bi mí.

"Oògùn iṣẹ́ mi ni, mà. Bí ó bá móoru, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti lè ṣe é. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ní, "Á jẹ́ pé ajá ọdẹ ni." Títí iná fi dé, òun ló ń pààrọ̀ omi dídì tó wà nínú fláàsì náà. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, á ké sí mi pé, "Má ṣèyọnu, ajá rẹ wà lọ́dọ̀ mi."

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni ó pè mí wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì mú ọwọ́ mi lé ẹ̀gbẹ́ ọmú rẹ̀ òsì. Mo kan kókó kan, ó le bíi kóró àgbálùmọ̀, kò sì yẹ̀.

"Ó ti pẹ́, mà?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. N kò fẹ́ dá àwọn ọmọ láàmú."

Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti Àbújá. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni, wọ́n sì gé ọmú náà. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá a lè lo díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gé fún ìwádìí, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ mú un. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

Báyìí ni ègé ara ìyá ṣe dé orí tábìlì mi. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ ara ṣáájú ìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ẹni tó ni ín. Mo fá a, mo yọ ìda rẹ̀, mo sè é nínú omi oògùn kí purotéènì tó fara pa mọ́ lè yọjú, mo kán áńtíbọ́dì, mo dúró. Nígbà tí mo gbé gíláàsì sábẹ́ máíkíróskóòpù, àwọn ojú ọ̀nà wàrà tí jẹjẹrẹ kò tíì dé yọ búráùn dáadáa. Iṣẹ́ náà kò kùnà nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tò sí gbalaja. Kò sí búráùn kankan lára wọn. Mo sún gíláàsì lọ, mo sún un bọ̀, bóyá mo máa rí díẹ̀. N kò rí.

Èsì ìwádìí ni, kì í ṣe ohun tí dókítà fi ń tọ́jú ènìyàn. Kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan pàtó. Mo mọ èyí, síbẹ̀ nígbà tí ó kí mi "Ọ̀kun o" nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè wo ojú rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá béèrè. Ọjọ́ kan tó wá gba ìtọ́jú, ó ní, "Mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Mo fẹ́ rí i." Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, ó ní bí ìyá bá fẹ́, kí n fi hàn án. Mo bá a gbé àga. Gèlè rẹ̀ fẹjú, ó ń kan máíkíróskóòpù, ló bá ṣí i lé orí itan.

Ó pẹ́ kó tó rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó lẹ́wà o. Èwo ni èmi níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Èyí tí kò láwọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ibi tí jẹjẹrẹ wà nìyẹn. Ohun tí mò ń wá kò sí níbẹ̀."

"Ṣé ó ti lọ sí ibòmíràn nìyẹn?"

"A kò mọ̀, mà. Ó lè lọ, ó sì lè má lọ. Gíláàsì yìí kò lè sọ ọ́."

Ó gbé ojú kúrò, ó fi ọwọ́ nù ún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá mi, ògiri, fèrèsé tó kọjú sí táńkì omi, àga kan ṣoṣo tí òun alára jókòó lé. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló máa ń wà níbí látàárọ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Áà, ọmọ mi." N kò mọ̀ pé mo máa sunkún, àfi ìgbà tí mo rí i pé ó ń na etí gèlè rẹ̀ sí mi.

Ara rẹ̀ yá fún ìgbà díẹ̀. Irun rẹ̀ hù padà, ó tún ń ta zobo. Ìgbà tó yá ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ náà ti dé egungun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Àbújá pẹ̀lú mọ́tò, ó ní kí ìyá lọ sílé ní Kábà, níbi tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti lè tọ́jú rẹ̀. Ìyá fún mi ní ìkòkò rẹ̀ méjì àti fíríìsà náà. A máa ń pe ara wa lórí fóònù, títí ohùn rẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ń bá mi túmọ̀ ohun tó sọ.

Orí iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo jáde lọ dúró sí ìdí igi dongoyárò. Mọ́là tó ń ṣọ́ géètì wá bá mi, mo sì sọ fún un ní Haúsá pé ìyá mi kú. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Allah ya jikanta," pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Kò mọ̀ pé kì í ṣe ìyá tó bí mi, èmi náà kò sì ṣe àlàyé.

Tọkọtaya kan kó sí yàrá rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, "Sannu" ni wọ́n fi ń kí mi. Mo parí ìwádìí mi. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti ṣí lọ, purotéènì náà ti dín tàbí kó má sí rárá. Àwọn olùkọ́ mi yìn mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Kò sí ẹni tó béèrè àwọn tó ni ara wọ̀nyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sabon Tasha, sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo gbọ́ pé wọ́n ń fi Yorùbá ṣe ìsìn níbẹ̀. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń gbọ́ èdè náà láti ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan tó jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì yíjú sí mi, ó rọra béèrè pé, "Ta lẹ wá bá níbí, mà?"

Mo ní n kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó sún fún mi, mo sì jókòó.