Omi Manigri àti Eyín Bassirath

Bí ẹ bá wọ sàlọ́ọ̀nù kékeré kan lẹ́bàá títì ní Bassila, tí ẹ rí onídìrí tó ti gbàgbé orí oníbàárà, tó na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀, tó ń fi ìka fa ètè ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ wálẹ̀ níwájú jígí, ẹ má sá. Bassirath nìyẹn. Eyín rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kó wò ó. Láti kékeré ni eyín ọmọbìnrin yìí ti ń jà du àyè, tí èyí gun èyí lórí bí èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ ọjà. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì ń pè é ní agbéraga. Nígbà tó di ọ̀gá ara rẹ̀ ló lọ bá dókítà eyín kan ní Parakou, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, tó lẹ irin wẹ́wẹ́ mọ́ eyín rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tó sì fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ so gbogbo wọn pọ̀. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Bassirath náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu, títí kan ibi tí kò sí ohun ẹ̀rín.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tó rí i pé eyín kan níwájú nísàlẹ̀, lápá òsì, ti gùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

"Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Òwú dúdú tó fi ń kó irun wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Maïmouna ló ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ Bassila pọ́ńbélé, tí kì í gbé orí rẹ̀ fún onídìrí mìíràn. Ìdajì irun ṣì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ó wo eyín náà dáadáa.

"Ó ń dàgbà."

"Eyín àgbàlagbà tún máa ń dàgbà ni?"

"Èmi ni mo lẹ irin mọ́ ọn? Bóyá irin yẹn ló ń wà á jáde bí iṣu. Ẹ̀yin ará Manigri, kò sóhun tí ẹ ò lè wà!"

Bassirath rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Nígbà tí Maïmouna lọ tán, ó tún padà síwájú jígí. Kì í ṣe pé eyín gùn o. Erìgì, ẹran tó di eyín mú, ló ń sá sẹ́yìn, bí aṣọ ìró tó ń yọ́ kúrò nídìí oníjó. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ta á.

Ó gbé ìbéèrè lọ sínú télèfóònù. Ẹnì kan ní irin ló máa ń ti erìgì sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní irin ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń họ eyín rẹ̀ bí ẹni ń họ ìkòkò ni kó bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹ̀kẹta kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta òróró. Bassirath pa télèfóònù dé, orí rẹ̀ sì dàrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bó bá lọ sí Parakou, bí dókítà bá ní kí àwọn yọ irin náà ńkọ́? Àwọn eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò á tún padà sídìí ìjà wọn. Bí kò bá sì lọ, bí eyín náà bá bọ́ ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà kajú dé. Ó ti sàlọ́ọ̀nù pa, ó lọ sí Manigri, ìlú rẹ̀, láti bá ìyá àgbà rẹ̀, Àsùmáù, ṣa kajú nínú oko. Kí ó tó mọ̀, erìgì ò ta á mọ́. Ó jẹ iṣu, ó mu omi, ó fọyín, kò dùn ún.

"Omi ni," ni Ìyá àgbà wí, láì gbójú sókè kúrò lórí kajú tó ń já kóró rẹ̀.

"Omi kí ni, Ìyá àgbà?"

"Omi Bassila. O wà lọ́hùn-ún, ó ń dùn ọ́. O dé ọ̀dọ̀ mi, kò dùn ọ́ mọ́. Kí la tún ń wá? Omi ilé wa ló mọ̀ ọ́."

Bassirath kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ó padà sí Bassila, oníbàárà dà bò ó, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí erìgì ti ń ta á bí ẹni fi ata kùn ún. Ló bá di ẹni tó ń gbé bídọ̀n omi Manigri sẹ́yìn alùpùpù. Òun ló ń mu, òun ló fi ń fọyín. Nígbà tí kò sàn, Ìyá àgbà bi í pé omi wo ló fi ń ṣan ife. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi Manigri ṣan ife.

Kò pẹ́ tí Maïmouna fi rí bídọ̀n náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bassirath, kí leléyìí?"

"Omi ni, Tàńtí."

"Omi ibo?"

"Ti Manigri, Tàńtí. Wọ́n ní ti Bassila ló ń ta erìgì mi."

"Yéè! Omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi! Omi tí bàbá mi ń mu títí dòní, tó ṣì ń fi eyín fọ́ egungun! Ó dáa. Lọ bu omi Manigri wá kí o fi fọ irun mi, kí irun mi náà lè máa gbọ́ Nàgó, èdè yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ ohun tó dààmú Bassirath jù ni ọjọ́ Jímọ̀. Kì í ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀. Omi Bassila ló fi ń ṣàlùwàlá ní mọ́sáláṣí, ó sì ń fi yọ ẹnu, síbẹ̀ ọjọ́ náà gan-an ni erìgì máa ń fún un nísinmi. Ṣé omi Bassila náà ń bọ̀wọ̀ fún Jímọ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà dojú rú pátápátá.

Nígbà tó rí i pé eyín náà tún ti gùn sí i, ó gbà fún ẹ̀rù, ó wọkọ̀ lọ sí Parakou. Ó di ìgò omi méjì dání, ọ̀kan Bassila, ọ̀kan Manigri, kí dókítà lè bá a yẹ̀ wọ́n wò.

Dókítà ò wo ìgò kankan. Ó ní kó la ẹnu, ó tan iná sí i. Ó mú irin kékeré ẹlẹ́nu méjì, ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ okùn irin ìsàlẹ̀, ó gbé e sókè.

"Kí lèyí?"

Òwú dúdú ni, kò gùn ju èékánná lọ.

"Òwú irun ni, Dókítà."

"Kí ló wá dé ẹnu rẹ? Fi bí o ṣe ń ṣe é hàn mí."

Bassirath gbé ọwọ́ sókè, ó di irun tí kò sí níbẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ kejì yí òwú tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ọn, ó sì rí i bí ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe yà sí òsì láti gba ìdí òwú. Níbi tí irin wà ló máa ń fi í kọ́, á wá fà á kó le. Ó ti ń yangàn fún ara rẹ̀ pé láti ọjọ́ tí irin ti dé, òun ti ní ọwọ́ kẹta! Orí erìgì yìí kan náà ni òwú náà ń gbà kọjá, oníbàárà kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sí oníbàárà ní Manigri. Kò sí oníbàárà lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Ẹ ó yọ irin náà?" Bassirath ti gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni irin ṣe? Òwú ni kí o yọ. Èyí tó ti lọ nínú erìgì náà kì í dédé hù padà, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n bí òwú ò bá kàn án mọ́, tí o rọra ń fọyín, ó ṣeé ṣe kó dúró síbi tó dé. Kí o máa wá kí n máa wò ó."

Bassirath ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun jó. "Omi ńkọ́, Dókítà?"

"Mu ún lọ́nà. Oòrùn mú."

Ó mu ún lọ́nà lóòótọ́. Kí ó tó dé Bassila, ó ti mu ìgò méjèèjì gbẹ, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti Manigri.

Ìyá àgbà gbọ́ àlàyé náà títí dé òpin. Ó mi orí. "Òwú yẹn, omi ibo ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?"

Ní báyìí, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń di ìdí òwú mú fún Bassirath. Maïmouna ló kọ́kọ́ jókòó bẹ́ẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Ẹnu Bassirath wá ṣófo, ó sì ń lò ó. Ó ń bá Maïmouna jiyàn lórí ọbẹ̀, lórí àwọn ìyàwó àdúgbò, lórí ìlú tí iṣu rẹ̀ dùn jù.

"Bassirath, jọ̀ọ́," ni Maïmouna kígbe, "dá òwú yìí padà sẹ́nu! Nígbà tó wà níbẹ̀, mo máa ń rí àyè sọ tèmi!"

Bassirath bú sẹ́rìn-ín. Irin tàn yanran nínú jígí, eyín gígùn kan láàárín wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí Maïmouna, kò sì rántí gbé ọ̀kankan bo ẹnu.