Àwẹ̀ró àti Orogún Rẹ̀ Nínú Eré Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Mo fi irun funfun orí mi búra: bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí n má lè fi eyín tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu jẹ kẹ́ńkẹ́ mọ́.

Ní ọdún tí dúmsọ̀, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, sọ gbogbo àdúgbò Lapaz sókùnkùn, Àwẹ̀ró ń ta ìdì aṣọ òkìrìkà ní ọjà Kantamanto. Láti ìgbà tí Àmúdà ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń jẹun, kò mọ adùn. Àwọn ènìyàn bá a dápàárá, ó kàn ń wo ẹnu wọn. Òun àti Ràṣídátù, ìyàwó kejì, ló kù nílé. Wọn ò jà. Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu wọn. Ràṣídátù ti di ẹrù rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ lọ́jọ́ kejì Iléyá. Àwẹ̀ró fẹ́ ní kó dúró, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò là.

Níbi ìgbafẹ́ Iléyá tí ẹgbẹ́ Yorùbá ṣe lórí pápá, Àjọkẹ́ tó ń darí eré fà wọ́n dìde.

“Ìyáálé, ẹ̀yin àti orogún yín ló kàn! Àbí ẹsẹ̀ yín ti di fùfú?”

Ó ju okùn sí Àwẹ̀ró pé kó so ẹsẹ̀ wọn kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sáré. Ọwọ́ rẹ̀ so ó, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Fèrè dún, wọ́n ṣubú, Ìdíátù tó sanra bí àgbá pàápàá àti ẹnìkejì rẹ̀ fò wọ́n kọjá.

Eré parí, kálukú tú okùn tirẹ̀. Tiwọn ò tú. Kókó tí wọ́n fi ń di ìdì aṣọ ni Àwẹ̀ró ta sí i, ọ̀bẹ nìkan ló lè gé e.

“Ìyáálé, ṣé Kumasi lẹ fẹ́ fi orogún yín ránṣẹ́ sí ni?” Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó lọ wá ọ̀bẹ.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

“Ẹ dì mí bí ẹrù,” ni Ràṣídátù wí.

“Ọwọ́ mi ló ṣe é.”

“Ẹnu yín ńkọ́?”

Àwẹ̀ró wo kókó náà títí. “Má lọ,” ló sọ, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Ọ̀bẹ dé, okùn já. Ràṣídátù ò sún ẹsẹ̀ kúrò.

“Ẹ jẹ́ ká lọ tú ẹrù mi.”

Inú Àwẹ̀ró ò dùn, kò bàjẹ́. Ó sáà mú bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Àfi igi máńgòrò yẹn: inú oòrùn gangan ni wọ́n jókòó sí. Àánú wọn ló ṣe mí tí mo fi gbìn ín síbẹ̀.