Baba Pius àti Kámẹ́rà Tó Rí Ẹni Keje

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́ lónìí tí ẹ dárúkọ olóògbé Baba Pius onífótò, ọ̀rọ̀ ìsìnkú Màmá Hannah ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni. Wọ́n ti dé pósí, ọmọ olóòkú mẹ́fà sì tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀. Baba Pius gbé kámẹ́rà tuntun tí Bọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ rà fún un sójú. Kámẹ́rà náà a máa fa ìlà onígun mẹ́rin yí ojú èèyàn kọ̀ọ̀kan tó bá rí ká. Baba ka ìlà: méje. Ó gbójú sókè, ó ka èèyàn: mẹ́fà. Bọ́sẹ̀dé, tó bá a gbé báàgì, yọjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ìlà keje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí fèrèsé," ni Baba wí, bí ẹni ń bá ọmọ ìjọ sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ wọn. Ẹ jìnnà jù."

Ìlà keje bẹ̀rẹ̀ sí í sún díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

"Ẹ ṣeun," ni Baba wí. "Ibẹ̀ yẹn dáa."

Kó tó tẹ bọ́tìnnì, ilé ti ṣófo. Sunday, àkọ́bí olóòkú, kò rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ojú fèrèsé yẹn gan-an ló gbà jáde.

Kì í ṣe pé Baba Pius láyà ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tí kámẹ́rà ọ̀hún fi ojú rẹ̀ rí ti pọ̀ ju iwin lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi lo ti àtijọ́ kó tó já sínú omi níbi ìkómọ kan ní Ìjàn. Ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n lára tuntun yìí, ibi tí bọ́tìnnì iná wà tẹ́lẹ̀ ni ti pípa àwòrán rẹ́ wà. Bó ṣe ń wá iná kiri níbi ìgbéyàwó kan ní Òde-Èkìtì, ìdajì ìgbéyàwó ló pa rẹ́. Nígbà tí ìyàwó wá fẹjọ́ sùn, Baba ní, "Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà níbẹ̀. Wọ́n jáde, ó wà níbẹ̀. Kí ló tún kù?"

"Baba, ẹ ka ìwé tó bá a wá," ni Bọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni mo gbà á sí uṣẹ́. Òun ló yẹ kó kọ́ ọwọ́ mi."

Bọ́sẹ̀dé, tó ń ṣe tíṣà ní Èmùré, gé pílásítà funfun, ó kọ̀wé sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ọjọ́ kejì, Baba ti ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò. "Ṣé kámẹ́rà fara gbọgbẹ́ ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́fẹ́yìsára ìyàwó rẹ̀ lọ gbá ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lórí àpótí, ó ń yára sí i, ó ń yára sí i, bí àyà ẹni tó ń sá. Lójijì, kẹ́ẹ́! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù funfun báláú. Ó ké, "Jésù!" ó sì na ìgbálẹ̀ sókè. Kẹ́ẹ́! Baba ló ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà máa dá fótò yà léraléra, kó tó jáde. Fótò kejì yìí, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti la ojú sílẹ̀, ló fi sí férémù, tó gbé kọ́ ojú títì. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n," ni ó wí fún un, "ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ kí o má dijú."

Oṣù kẹta ọdún yìí ni àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú Baba lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ́sẹ̀dé àti ìyá rẹ̀ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wo ohun tó kù nínú kámẹ́rà. Òkùnkùn biribiri ni wọ́n bá, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Bọ́sẹ̀dé tẹ ọ̀kan wò. Ohùn Baba sì jáde síta, kedere, bí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Ife tí Mọ́fẹ́yìsára mú lọ́wọ́ já bọ́.

Fídíò ni Baba ti ń yà láìmọ̀, láìṣí ìdérí ojú kámẹ́rà.

"Èyí ni ti uná," ni ohùn náà ń wí. "Rárá. Bọ́sẹ̀dé ní kì í ṣe èyí." Ó mí kanlẹ̀. "Olúwa, jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kó tó di Sátidé. Kí ọmọ yìí má lọ rò pé mi ò fẹ́ràn nǹkan tó fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bọ́sẹ̀dé fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú òkùnkùn kékeré náà, ìka àgbà ń rìn kiri lórí bọ́tìnnì, tẹ́ẹ́, tẹ́ẹ́, ó ń wá ọ̀nà.

Bọ́sẹ̀dé tẹrí mọ́ kámẹ́rà. "Apá òsì, Baba," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èyí tó wà lókè."

Tẹ́ẹ́ kan tún dún nínú òkùnkùn náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Baba wí. "Òun nìyẹn."